Ẹsẹ̀ Onígbàjámọ̀, Ẹnu Àbúrò Rẹ̀

Àbúrò onígbàjámọ̀ àdúgbò wa ló sọ fún dókítà pé ẹ̀gbọ́n òun kò ní ìrora kankan. Ó sọ ọ́ dáadáa. Ó kọ́kọ́ tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe, ó wúkọ́ díẹ̀, ó wá là á mọ́lẹ̀ lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, débi pé nọ́ọ̀sì tó dúró nítòsí mi orí pé bàbá yìí mọ ọ̀rọ̀ í sọ. Ohun kan ṣoṣo tó kù díẹ̀ káàtó nínú ọ̀rọ̀ náà ni pé irọ́ ni.

Ẹni tó bá gbọ́ ìparí ọ̀rọ̀ yìí nìkan lè sọ pé ìkà ni onígbàjámọ̀. Ìkà kọ́. Ọkùnrin tó mọ nǹkan í rántí ni, ẹ sì mọ̀ pé ẹni tó ṣu lè gbàgbé, ẹni tó kó o kì í gbàgbé.

Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kò ju yàrá kan lọ, ó kọjú sí títì. Àga tó ń yí po wà níwájú dígí, bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lẹ́bàá ògiri fún àwọn tó ń retí, awọ tó fi ń pọ́n abẹ wà ní kíkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Lára ògiri kejì ni àwòrán orí oríṣiríṣi wà: orí tí wọ́n gé mọ́lẹ̀, orí tí wọ́n fá kodoro, ojú tó ní irunmú, ojú tí kò ní. Ẹni tí kò bá mọ orúkọ èyí tó fẹ́ á kàn nàka sí i.

Bí ìyàwó kan bá fa ọkọ rẹ̀ wọlé, tó ní, "Ẹ bá mi gé gbogbo rẹ̀ dànù," onígbàjámọ̀ kò ní dá a lóhùn. Ọkọ ni yóò wò. "Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́? A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ká má tíì wá sọ olórí tó jókòó síwájú ẹni." Ó ti tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù oníbàárà mélòó kan, ìyàwó ni gbogbo wọn.

Òfin kan tún wà tí gbogbo wa mọ̀: ẹni tí abẹ bá wà lọ́rùn rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Onígbàjámọ̀ ló ń sọ ọ́. Yóò ti fi ọṣẹ kùn ọ́ lẹ́nu títí dé ihò imú, yóò gbá ọ lórí mú, yóò wá bẹ̀rẹ̀: ọ̀rọ̀ télọ̀ tó rán ṣòkòtò ẹlẹ́sẹ̀ kúkurú kan, ọ̀rọ̀ ẹni tó kọ́ ilé tán tó wá rántí pé òun kò fi àtẹ̀gùn sí i. Ta ló fẹ́ bá ẹni tó gbé abẹ lé e lọ́nà ọ̀fun jiyàn? Ibẹ̀ ló ti jàre gbogbo àríyànjiyàn rẹ̀ láyé.

Àbúrò rẹ̀ yìí, Alága là ń pè é. Ó ṣe alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí gọ́tà àdúgbò fún sáà kan láyé ọjọ́un. Gọ́tà náà ti dí pátápátá. Oyè náà kò dí. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ọ́fíìsì, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò bá a fẹ̀yìn tì. Ó wá ní irunmú kan, ó nípọn, ó ń dán bí ẹni pé wọ́n fi búrọ́ọ̀ṣì bàtà kùn ún, ó sì máa ń fi ìka méjì tọ́ ọ bí ó bá fẹ́ sọ ọ̀rọ̀ ńlá. Ọ̀rọ̀ ńlá ni gbogbo ọ̀rọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń bá a tún un ṣe ní gbogbo Sátidé.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni àìsàn dé. Onígbàjámọ̀ ń fi ọṣẹ kun bíríkìlà kan lẹ́nu, ó ń ròyìn ọ̀rọ̀ kan tó dùn, ló bá dákẹ́ láàárín, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ já bọ́ sábẹ́ àga. Ẹnu rẹ̀ ń mì, ohùn kò jáde. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ sì wó bí ògiri. Bíríkìlà yẹn gbé e sáré dé ọsibítù láì rántí nu ojú, àwọn nọ́ọ̀sì sì kọ́kọ́ dì mọ́ bíríkìlà, wọ́n rí i tí ẹnu rẹ̀ ń hó funfun, wọ́n rò pé òun ni aláìsàn.

Rọpárọsẹ̀ ni. Ara padà díẹ̀díẹ̀. Ọlọ́wọ́ òsì ni látìgbà tí wọ́n ti bí i, wọ́n sì fi ṣe yẹ̀yẹ́ títí ó fi dàgbà. Ọwọ́ yẹ̀yẹ́ yẹn ni àìsàn kò fọwọ́ kàn. Ó padà sídìí iṣẹ́. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ń wọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè dúró lé e. Ọ̀rọ̀ ni kò padà. Gbogbo ohun tí a bá sọ ló ń gbọ́, kò sí àwàdà tó fò ó dá, àmọ́ bí ó bá ya ẹnu láti fèsì, ohun tó ti ń sọ fún oníbàárà látìgbà èwe rẹ̀ nìkan ló ń jáde: "Ẹ jókòó."

Ebi ń pa á: "Ẹ jókòó." Òjò ń bọ̀, kí wọ́n ká aṣọ: "Ẹ jókòó." Ó sọ ọ́ fún ọlọ́pàá tó ń darí ọkọ̀ ní oríta. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé búrẹ́dì, wá kọ́ láti máa gbọ́ ohùn dípò ọ̀rọ̀. Èyí tó bá lọ sókè, ìbéèrè ni. Èyí tó bá rọra balẹ̀, ó ń dúpẹ́ ni. Èyí tó bá ki, tó ti inú imú wá, kí olúwarẹ̀ yáa kúrò lọ́nà.

Ó tún ní àtọ̀gbẹ lára, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ má lọ rí dókítà. Ilé búrẹ́dì kì í jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ráyè láàárọ̀. Alága ní kò séwu, òun wà nílẹ̀.

"Bàbá, báwo ni ara?" ni dókítà béèrè. Ó wà lórí ìdúró, ọwọ́ rẹ̀ kan ti wà lára ilẹ̀kùn yàrá kejì.

Onígbàjámọ̀ nàka sí ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀. "Ẹ jókòó! Ẹ jókòó!"

Alága rẹ́rìn-ín. "Dókítà, ọmọlúàbí ni wọ́n, wọ́n ní kí ẹ jókòó ni. Ara wọn yá gágá. Wọ́n ń jẹun, wọ́n ń sùn."

"Ṣé wọ́n ń lo oògùn wọn?"

"Bí aago."

"Ìrora ńkọ́?"

Ìgbà yìí ló tún kọ́là ṣe, tó sọ ọ̀rọ̀ tí nọ́ọ̀sì mi orí sí. Onígbàjámọ̀ na ọwọ́, ó di aṣọ dókítà mú. Alága rọra tú ọwọ́ náà kúrò, ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni pé ẹni tí ó ń sọ kò sí nínú yàrá.

"Ká má tan ara wa, Dókítà. Ọpọlọ ti lọ. Kò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí à ń sọ."

Ẹ gbọ́ o: ẹ̀gbọ́n tó pọ̀n ọ́n dàgbà, kò tiẹ̀ wá rí "wọn" pè é mọ́. Onígbàjámọ̀ gbọ́ ọ ketekete. Ó kàn tẹjú mọ́ irunmú àbúrò rẹ̀, bí káfíńtà ṣe ń wo pákó tó fẹ́ rẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ gan-an nìyí. Bàtà ti dá egbò sí i lábẹ́ ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó ń ta á bí ẹni pé wọ́n fi ata sí i. Oògùn tó ń lò bí aago kò sì dé inú rẹ̀ rí: àìsàn yẹn ti ba ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ jẹ́, kóró oògùn ńlá náà máa ń há a lọ́fun títí ojú rẹ̀ á fi pọ́n, ni ó bá ń tu ú dànù. Ó ti fi ọwọ́ han Alága lọ́pọ̀ ìgbà, ọ̀fun àti ẹsẹ̀. Alága á ní, "Mo ti gbọ́, Ẹ̀gbọ́n, mo ti gbọ́," á sì máa bá ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lọ. Ti ọmọ rẹ̀ obìnrin, ojú ń ti bàbá láti bọ́ ìbọ̀sẹ̀ níwájú rẹ̀. Ó ń dá wẹ̀, ó sì ń wọ ìbọ̀sẹ̀ kó tó jáde. Ó rò pé ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀, ọ̀rọ̀ dókítà ni.

Òórùn ló sọ ọ́ níkẹyìn, nítorí òórùn kì í wá agbẹnusọ. Ọmọ náà ti ibi iṣẹ́ dé, ó ní kí ni eléyìí, ó fa ìbọ̀sẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ kò bọ́. Ó ti lẹ̀ mọ́ ẹran.

Ní ọsibítù, wọ́n fọ egbò, wọ́n dì í, wọ́n ní kí ó máa wá lójoojúmọ́. Dókítà ní ó ti wọlé jìnnà, pé ó ṣeé ṣe kí àwọn gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún, pé Mọ́ńdè tó bẹ̀rẹ̀ oṣù ni àwọn máa pinnu. Kí ọmọ tó ya ẹnu, Alága ti ń tọ́ irunmú.

"Bó bá jẹ́ gígé ni, ẹ gé e, Dókítà. Ìdílé ti fọwọ́ sí i."

Ó di ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí ọmọ tó rí ohùn.

"Bàbá Kékeré, ìdílé wo?"

"Ìdílé wa."

"Ẹ̀yin àti ta ni?"

"Má fi ìbínú sọ̀rọ̀, ọmọ yìí. Ẹ̀mí ló jù. Ẹsẹ̀ onígi wà, ó tiẹ̀ máa ń pẹ́ ju ti ẹran lọ."

"Ó dáa. Ẹ kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, ká wò ó lára yín."

Onígbàjámọ̀ jókòó sáàárín wọn, ó ń wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò síṣẹ́ tí onígbàjámọ̀ ń fi ìjókòó ṣe. Bí ẹsẹ̀ bá lọ, ṣọ́ọ̀bù lọ nìyẹn. Bí ṣọ́ọ̀bù bá lọ, ó ku ibùsùn, àti Alága lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, tó ń sọ̀rọ̀.

Obìnrin kan ló gbọ́ ariwo wọn tó yọjú. Iṣẹ́ rẹ̀ nínú ọsibítù ni títọ́jú àwọn tí ọ̀rọ̀ kò jáde lẹ́nu wọn dáadáa mọ́, àti àwọn tí oúnjẹ kò gba ọ̀fun wọn lọ geere. Tíṣà Ọ̀rọ̀ ni gbogbo wọ́ọ̀dù ń pè é. Kò bá Alága sọ̀rọ̀, kò bá ọmọ sọ̀rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú onígbàjámọ̀.

"Bàbá, ẹ kàn mi orí fún mi. Ṣé obìnrin ni yín?"

Onígbàjámọ̀ wò ó bíi pé òun gan-an ni ọpọlọ rẹ̀ ti lọ, ó mi orí pé ó tì.

"Ṣé àbúrò yín nìyí?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe ni láàánú.

"Ṣé wọ́n máa ń gbọ́ bí ẹlòmíì bá ń sọ̀rọ̀?"

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ irú ẹ̀rín bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn.

"Kò sí ohun tó ṣe ọpọlọ wọn," ni Tíṣà Ọ̀rọ̀ sọ fún ọmọ náà. "Ọ̀rọ̀ wà nínú ilé, ilẹ̀kùn ló há. Mo ti rí wọn púpọ̀. Àgbàlagbà tí kò lè sọ tara rẹ̀, àtèyí tí etí rẹ̀ ti di, àwọn ló ń pẹ́ jù lórí bẹ́ẹ̀dì wa. Àwọn ló ń ṣubú, àwọn ló ń lo oògùn tí kò yẹ wọ́n, àwọn la máa ń rí egbò wọn nígbà tó ti pẹ́ jù. Kì í ṣe pé àìsàn wọn le ju ti ẹlòmíì. Kò sẹ́ni tó dúró gbọ́ ni."

"Ṣùgbọ́n èmi wà níbẹ̀, mo ń sọ ọ́ fún wọn," ni Alága wí.

"Mo ti gbọ́, bàbá," ni obìnrin náà dáhùn.

Ó wá bi ọmọ náà nípa iṣẹ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tó gbọ́ nípa àwòrán orí lára ògiri, ó pàtẹ́wọ́. "Bàbá, ẹ ti kọ́ odindi àdúgbò láti máa nàka. Ó kù kí ẹ̀yin náà nàka." Ó mú páálí, ó ya ẹsẹ̀ sí i, ó ya ọ̀fun, kóró oògùn, iná tó dúró fún ìrora, abẹ́rẹ́, ó ya ojú tó ń sunkún àti èyí tó ń rẹ́rìn-ín. Kò mọ àwòrán yà. Ẹsẹ̀ tó yà dà bí ìgò. Ṣùgbọ́n ó yé wọn.

Ó tún bi í pé ọ̀rọ̀ wo ló fẹ́ kí àwọn kọ́kọ́ lọ mú padà. Omi? Onígbàjámọ̀ mi orí pé ó tì. Oúnjẹ? Ó tì. Orúkọ ọmọ yín? Ó rò ó díẹ̀, kó má baà bí ọmọ nínú, ṣùgbọ́n ó tì. Ìgbà tí obìnrin náà dé orí "rárá" ni onígbàjámọ̀ lu tábìlì. Ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí ṣọ́ọ̀bù, ó ń fi pọ́n abẹ. Ẹni tó bá kọjá á máa gbọ́ ọ lára awọ: rá-rá, rá-rá. Ọmọ rẹ̀ ti ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọsibítù fún gbogbo àdúgbò. Kò sẹ́ni tó béèrè ta ló ń pọ́n abẹ dè.

Sátidé tó ṣáájú Mọ́ńdè yẹn ni Alága wọlé, tó jókòó lórí àga bíi ti àtẹ̀yìnwá. Bíríkìlà ọjọ́sí wà lórí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú àwọn mẹ́ta míì.

"Mo ti bá dókítà parí ẹ̀," ni Alága ń sọ fún wọn bí ọṣẹ ṣe ń bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. "Tó bá di Mọ́ńdè, wọ́n á gé e, ọ̀rọ̀ tán. Ẹ̀gbọ́n kò lè mọ ohun tó dáa fún wọn mọ́. Àwa tí orí wa pé..."

Ọṣẹ dé ètè. Abẹ gun orí ọ̀fun. Alága dákẹ́, nítorí òfin ni.

Onígbàjámọ̀ wá yíjú sí bẹ́ǹṣì. Ó nàka sí àwòrán ojú tí kò ní irunmú. Ó nàka sí Alága.

Bíríkìlà jókòó dáadáa. "Alága, ṣé kí wọ́n fá irunmú yín ni?"

"Mmm! Mm-mmm!"

Onígbàjámọ̀ fi ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tí agbára ti padà sí díẹ̀ gbá àtàrí àbúrò rẹ̀ mú, ó rọra mi orí náà sókè, sísàlẹ̀, sókè, sísàlẹ̀.

"Ó gbà," ni bíríkìlà wí. "Ẹ̀yin náà rí i?"

"A rí i," ni bẹ́ǹṣì dáhùn.

"Mmmmm!"

"Ó ní kí ẹ má fi àkókò ṣòfò," ni ẹnì kan túmọ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kò ní dùn wọ́n?" ni ẹlòmíì lórí bẹ́ǹṣì béèrè.

Onígbàjámọ̀ mi orí náà sọ́tùn-ún, sósì.

"Kò ní ìrora kankan," ni bíríkìlà wí, ó sì tún kọ́là ẹ̀wù tirẹ̀ ṣe.

Abẹ kọjá lẹ́ẹ̀kan, ìdajì lọ. Onígbàjámọ̀ dúró, ó wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó gbádùn rẹ̀, kó tó mú ìdajì kejì. Ó nu ojú náà, ó fi páúdà sí i, ó yí àga sí dígí. Ètè òkè Alága wà níbẹ̀ ní ìhòòhò, ó mọ́ra, ó kéré, bí ọmọ tí wọ́n jí lójú oorun.

"Ta ló ní kí ẹ fá a?" Alága fọwọ́ bo ètè. "Ta ni mo bá sọ ọ́? Orí ta ni wọ́n ń fá báyìí láì bi í?"

"Ẹ fara balẹ̀, Alága," ni bíríkìlà wí. "Ìdílé ti fọwọ́ sí i."

Àwọn tó mọ ìwà ọmọlúàbí jù wá lọ ní irú ẹ̀san bẹ́ẹ̀ kò dára láàárín ọmọ ìyá, wọ́n ní irunmú á ṣáà tún hù. Òótọ́ ni. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín irunmú àti ẹsẹ̀ gan-an nìyẹn, onígbàjámọ̀ sì mọ̀ ọ́n, ìdí nìyẹn tí kò fi gbà pé àwọn ti san án tán.

Ní Mọ́ńdè, Alága ṣì wá sí ọsibítù. Ó fi aṣọ ìnujú bo ètè bí ẹni tí ọ̀fìnkìn ń ṣe, ó sì ṣáájú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ọmọ náà wọlé.

"Dókítà, bí ìdílé ṣe rò ó..."

"Rárá."

Dókítà wo ẹ̀yìn, ó ń wá ẹni tó sọ̀rọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n..."

"Rárá!"

Tíṣà Ọ̀rọ̀ ṣí ilẹ̀kùn. "Bàbá, ìjókòó wà níta." Alága wo dókítà, dókítà wo onígbàjámọ̀, onígbàjámọ̀ wo ilẹ̀kùn. Alága jáde.

Dókítà ṣì wà lórí ìdúró. "Ẹ jókòó," ni onígbàjámọ̀ wí. Ó jókòó.

Ó gba àkókò. Ìka onígbàjámọ̀ lọ láti orí kóró oògùn dé ọ̀fun, ó fi ọwọ́ ṣe bí ẹni tí nǹkan há, ó ṣe bí ẹni tó ń tutọ́. Dókítà béèrè lẹ́ẹ̀mejì bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa: ṣé láti ìgbà tí wọ́n ti kúrò ní wọ́ọ̀dù ni wọn kò tíì gbé oògùn kan mì? Ìka dé orí ẹsẹ̀, ó dé orí iná. Dókítà tú aṣọ egbò, ó ń tẹ ẹsẹ̀ náà láti orí ìka lọ sókè, ó ń béèrè, "Ibí ńkọ́? Ibí?" Onígbàjámọ̀ ń nàka sí iná, sí iná, lẹ́yìn náà ó nàka sí ojú tó ń rẹ́rìn-ín, ó sì fi ọwọ́ fa ìlà sí ibi tí ìrora parí sí. Ìlà náà jìnnà sí orúnkún.

Dókítà gbé ẹsẹ̀ náà sílẹ̀. Ó ní òun rò pé oògùn ti kọ̀ ni. Òun kò mọ̀ pé oògùn kò wọlé. Òun máa yí i padà sí abẹ́rẹ́, kí ṣúgà kọ́kọ́ wálẹ̀. Ẹran ẹsẹ̀ yìí ṣì wà láàyè. Ìka tó ti kú ni òun máa mú kúrò, kò ní kọjá ibẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, Alága fò dìde. "Kí ni wọ́n wí?"

Onígbàjámọ̀ wò ó. Ó ya ẹnu. Ó pa á dé. Ó sì gba iwájú rẹ̀ kọjá.

"Ìwọ ọmọ yìí, kí ni dókítà wí?"

"Ẹ bi ìdílé," ni ọmọ náà dáhùn, ó tẹ̀ lé bàbá rẹ̀.

Ìka méjì ni wọ́n gé. Ojú egbò jiná. Onígbàjámọ̀ ti padà sídìí àga rẹ̀, bàtà méjèèjì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ki òwú sí èyí tó yẹ kó ki òwú sí, ó sì dúró ṣinṣin. Ọ̀rọ̀ ti ń padà lẹ́yọ lẹ́yọ. Ó ti fi ọ̀rọ̀ àti ìka ròyìn gbogbo rẹ̀ fún bẹ́ǹṣì. Gbogbo àdúgbò ló mọ ohun tó wà nínú bàtà yẹn àti ohun tí kò sí níbẹ̀. Alága nìkan ni kò mọ̀. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ rí bí ẹni tí nǹkan já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo bàtà. Ó ti bi ọmọ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ti lọ bá Tíṣà Ọ̀rọ̀, ìyẹn ní kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ẹsẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, ẹnì kan tí òun àti Alága jọ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rí dá a dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù.

"Alága! Ẹ̀gbọ́n yín ńkọ́? Wọ́n ní wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn, àbí wọn ò gé e?"

Alága gbé ìka méjì lọ sí ètè, ó bá ibẹ̀ ní kíkúrú, kò tíì hù tó ohun tó ṣeé tọ́. Ó wo inú ṣọ́ọ̀bù. Abẹ ti dúró lójú afẹ́fẹ́. Bẹ́ǹṣì ti dákẹ́.

"N ò mọ̀," ni Alága wí.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Alága wọlé wá, ó jókòó sí ìpẹ̀kun bẹ́ǹṣì, ó gbé ọwọ́ lé itan, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, kí ni wọ́n ṣe sí ẹsẹ̀ yín?" Ó wá dákẹ́, ó ń retí èsì.

Onígbàjámọ̀ parí orí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó gbọn aṣọ, ó pe ẹni tó kàn.